Sí Ẹni Tó Gbé Fáìlì Wá

Ìsàlẹ̀ búrẹ́dì lo fi í sí,
nínú ọ̀rá dúdú, lẹ́nu afárá ní Ìdúmọ̀tà.
O ò jókòó. "Ojú ìwé kẹtàdínlógún," lo wí,
èrò sì gbé ọ mì.

Iná fóònù ni mo fi kà á mọ́jú:
kànga ẹ̀rọ mẹ́ta ní Bàrígà, owó ti jáde tán,
ẹnjiníà ti buwọ́ lù ú pé omi ń dà yàà.
Mo débẹ̀. Pátákó ni mo bá,
ewúrẹ́ kan ń fi ìhà họra lára òpó rẹ̀.

Ìyá Àjàdí ní ọmọ òun béèrè omi yìí nípàdé àdúgbò.
Àgọ́ ọlọ́pàá ló ti gba èsì.
Ó fi eyín mẹ́rin sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo kọ ọ́. Mo kọ orúkọ alága, orúkọ ẹnjiníà,
báńkì tí owó gbà kọjá, iye eyín.
Aago márùn-ún ìdájí, mo tẹ̀ ẹ́ síta;
kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ iléèwé ti ń kà á fún bàbá wọn.

Wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ fi ń bá irọ́ ogún ọdún.
Wọn kì í sọ bí ẹsẹ̀ òtítọ́ ṣe ń wú.

Lálẹ́, àwọn mẹ́ta kanlẹ̀kùn.
"Ta ló fún ọ?"
Mo ní búrẹ́dì ni mo rà.
Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba bàtà mi pàápàá.
Orúkọ rẹ ò sí níbi tí wọ́n lè wò;
èmi náà ti gbé e mì.

Bá a bá pàdé lórí afárá, má kí mi.
Omi ò tíì yọ ní Bàrígà.
Àmọ́ wọ́n ti hú pátákó náà.