Orí Bàbá Mi, Nínú Ìwé Ọlọ́gọ́ta Ewé

Mo ń ya orí.
N kò ní mo yan orí o, mo ní mo ń yà á,
pẹ́ńsù kan, rọ́bà kan,
ìwé ọlọ́gọ́ta ewé tí Abíọ́nà kò lò tán nílé ìwé.
Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìjemọ̀ ti kógbá wọlé,
iná ti lọ, àtùpà ló ń ṣọ́ mi.
Fọ́tò pélébé tí bàbá mi yà ní Sápọ́n
nígbà tó ń sáré owó ìfẹ̀yìntì
ni mo fi píìnì há mọ́ etí aṣọ oníbàárà.

Orí àkọ́kọ́ tí mo yà,
bàbá yọ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún wò ó:
"Ta nìyí? Àbí agbowó-orí tó ń dààmú wa ní Ìtokò ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí.

Mo mọ ojú bàbá mi. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn.
Ohun tí mo mọ̀ ni ọwọ́ mi ń yà,
kò ya ohun tí mo rí.
Mo ti ojú lọ sókè pátápátá,
iwájú orí wá pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò,
àgbọ̀n gùn bí ti òbúkọ.

Ọ̀gá Ṣóyọ̀mbọ̀ ń kọ pátákó lẹ́bàá afárá Láfẹ́nwá.
Mo lọ wọn ṣòkòtò fún un, mo fi ìwé hàn án.
Kò ní kò dára. Teépù ọrùn mi ló tọ́ka sí:
"Ìyá Abíọ́nà, ṣé ojú lásán lo fi ń gé aṣọ?"

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn bàbá mi
bí ẹni fẹ́ rán bùbá fún un.
Teépù tóbi jù fún fọ́tò, mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.
Láti àtàrí dé ojú, láti ojú dé àgbọ̀n,
ọgbọọgba ni! Àárín gbùngbùn orí ni ojú wà!
Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ń kí ojú yìí láàárọ̀,
n kò mọ̀.
Láàárín ojú méjèèjì, àyè ojú kan ló ṣófo,
bí ẹni pé ẹnì kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.
Mo so òwú dúdú rọ̀ láti àárín ẹyinjú,
ó balẹ̀ sí igun ẹnu.

Nígbà tí ìmọ̀ tún fẹ́ tàn mí jẹ,
mo dorí fọ́tò kodò.
Bàbá mi kò sí mọ́,
àfi ibi tó ṣókùnkùn, àfi ibi tí oòrùn bà,
bí òkúta ìlú wa láàárín òrùlé páànù.
Mo wá ń tọ ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ lọ
bí ẹni ń ti Ìtokò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òjò,
tó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí.

Orí kẹtàdínlógún rè é.
Ẹnu kò tíì gbọ́ràn. Imú wọ́ sósì díẹ̀,
imú ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ló fi wọgbà.
Bàbá gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́,
ó dákẹ́ títí mo fi gbọ́ omi tó ń kán sí garawa.
Ó fi ìka kan etí inú ìwé,
ó fi ọwọ́ kejì di etí tirẹ̀ mú.
"Etí yìí," ó ní, "ti bàbá mi ni.
N kò mọ̀ pé ó wà lára mi."

Mo mú rọ́bà, mo pa ẹnu rẹ́.
Tó bá dọ̀la, màá tún wọ̀n ọ́n.