Ìka Oddbjørg

Fíríìjì ló kọ́kọ́ tú àṣírí.
Ó nawọ́ mú bọ́tà,
ìka mẹ́ta funfun bí ẹfun títí dé oríkèé.
Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti rẹ ara wọn láró.
Lẹ́yìn náà, osùn. Ìgbà yẹn ló ké.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ogún ọdún
lo fi la ikùn ẹja ní Vardø yìí,
omi yìnyín ló wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀."
Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Òrùka ló tẹ̀ lé e.
Ọṣẹ kò yọ ọ́, òróró kò yọ ọ́.
Torgrim tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ló fi ayùn gé e,
bí ẹni ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja tó ṣì ń mí.
Awọ ìka ń dán, ó le,
kò síbi tí èékánná lè mú un fà.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.
Ti Oddbjørg ń tó pẹpẹ o,
bó bá débẹ̀ ni kò lè ká mú ife.

Ní Kirkenes, dókítà kan tí kò tó ọmọ wa lọ́jọ́ orí
fi awò wo ìdí èékánná rẹ̀,
ó wo àmì pupa wínníwínní tó wà létè rẹ̀,
ó béèrè bóyá oúnjẹ ń há a lọ́fun.
(Ọdún méjì ni mo ti ń ní kó rọra jẹun.)
Ó ní kì í ṣe òtútù, kì í ṣe iṣẹ́ ẹja.
Ọdẹ tó ń ṣọ́ ara ni kò dá onílé mọ̀ mọ́,
onílé ló ń nà.
Ó ní irú èyí kì í sáré,
ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú ni awọ ti sábà ń le,
ṣùgbọ́n a ó máa wo ẹ̀dọ̀fóró lọ́dọọdún.
Mo dúró kó sọ pé yóò san.
Ó pa fáìlì dé.

A ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀:
"Torleif, kì í ṣe ẹ̀bi ẹja."

Mo ti níṣẹ́ tuntun báyìí.
Mo ń ṣí ìgò. Mo ń de bọ́tìnì.
Mo fi pákó gbé orí ibùsùn sókè
kí àyà má baà máa ta á lóru.
Ìbọ̀wọ́ kan ń gbé orí fíríìjì.
Oòrùn kò ní yọ títí oṣù kìíní yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí;
lálẹ́, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá mi,
tútù bí ìdákọ̀ró.
N kò yẹra.
Mo ń kà á: ẹfun. Aró.
Mo ń dúró de osùn.