Mọ́kàndínlógójì

Mo ti fi ọkọ̀ yìí gbé sìmẹ́ńtì,
mo ti fi gbé ewúrẹ́ mẹ́fà àti ìyàwó tuntun,
mo gbé òkú Bàbá Sùnmọ́là kọjá ọ̀sà lóru,
ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n rọra.
Àfi àpótí búlúù yìí
tí kò tó ìdajì àpò gàrí,
tí Nọ́ọ̀sì Kònígbàgbé gbé lé itan bí ọmọ ọwọ́
láti ebúté Ẹ̀pẹ́,
tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, oòrùn ni ọ̀tá wa lónìí."

Yìnyín ló wà nínú rẹ̀, àti ìgò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ.
Nígbà tí òṣíbàtà lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì,
tí ẹ́ńjìnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó dákẹ́,
mo fa àjẹ̀ yọ.
N kò wa ọkọ̀ báyẹn rí,
àní lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wò nínú omi.
Lásísì, tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ ju gbogbo wa lọ;
ibà ọjọ́ mẹ́ta péré,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ bí ìtàkùn tí wọ́n já.
Lọ́dún náà, ọkọ̀ kankan ò gbé yìnyín wá sọ́dọ̀ wa.
Títí dòní, ipasẹ̀ rẹ̀ létí ọ̀sà,
ẹsẹ̀ kan ni, àti ihò ọ̀pá.

Ní Ìdí-Àgbọn, Ìyá Ẹfúnbọ̀wálé dí ẹnu ọ̀nà:
"Ọmọ tí kò ṣàìsàn, kí lẹ fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ fún?"
Nọ́ọ̀sì la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Èmi ọlọ́kọ̀ lásán ni mo dáhùn:
"Ìyá, níbo la ti ń dí ihò ọkọ̀,
lórí iyanrìn ni, àbí láàárín agbami?"
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó.
Ó yà fún wa.

Àrùn kì í san owó ọkọ̀, kò sì síbi tí kì í dé.
Nọ́ọ̀sì ní òògùn kan náà ni wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ
ní ìlú tí ahọ́n mi ò lè pè;
pé irú rẹ̀ ni aráyé fi lé ìgbóná lọ,
èyí táwọn baba wa ò jẹ́ dárúkọ lọ́sàn-án gangan.
Mo ro ti àwọ̀n: ojú kan ṣoṣo tó já,
ibẹ̀ ni gbogbo ẹja ń gbà lọ.

Wọ́n ké. Háà, wọ́n ké!
Ọmọ kan ge Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ jẹ.
A fi tádàwà kun èékánná wọn.

Nírọ̀lẹ́, Lásísì jókòó lórí ọkọ̀ àtijọ́ tó dojú délẹ̀,
ó ń tún àwọ̀n ṣe.
"Mélòó?"
"Mọ́kàndínlógójì."
Ó ta kókó kan, ó fi eyín já okùn.
"Ta ni ọ̀kan tó dín?"

Mo ní ọmọ Sáríyù ni,
ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́jà Èjìnrìn.
Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí, ó fọwọ́ kan ìgò tó kù:
ó ṣì tutù.
Lásísì kò sọ nǹkan kan mọ́.
Ó nawọ́ sí ọ̀pá rẹ̀,
ó ní kí n má tíì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.