Ohùn Inú Fóònù

"Yà sósì," ohùn náà pàṣẹ,
kò tilẹ̀ mọ̀ pé àgbà ni Wendell.
Ó yà sósì,
ó wa ilé onítáyà mẹ́fà wọ igbó Montana.
Igi páìnì ń họ ara ọkọ̀,
abọ́ ń yí gbirigbiri nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
"O ti dé ibi tí ò ń lọ."

Ibo la dé?
Odò nìyí. Afárá ti bá àgbàrá lọ.
Màlúù méjì ń wò wá
bí onílé tí a kò kí.

Thora jáde tòun ti bàtà rọ́bà:
"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin lọ́sẹ̀ yìí.
Ẹni tó ń darí yín kò dé ibí rí."

Wákàtí kan la fi rìn sẹ́yìn,
èmi nílẹ̀, mò ń juwọ́.
Ohùn náà kò tijú, kò bẹ̀bẹ̀:
"Yà sósì."