Dúdú Wo Lẹ Ní Kí N Tẹ̀?

Ní Ṣómólú, lẹ́yìn Bájulayé,
níbi tí òórùn tádà ti máa ń jí wa ṣáájú àkùkọ,
Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé kó ìwé ìyá rẹ̀ wá nínú fíláàṣì:
ojú ewé méjìlélógún, inú Wọ́ọ̀dù ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́,
àádọ́ta ọdún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ebúté-Mẹ́ta.
Ìyá náà wà lójú ewé kìíní.
Ó gbé ìkókó dání bí ẹni gbé ẹyin,
ó ró àdìrẹ ẹlẹ́yẹ.

Mo ṣí i. Ojú kọ̀ǹpútà tàn yòò.
Mo tẹ ẹyọ kan jáde.
Ìyá dé orí pépà bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀,
aró aṣọ rẹ̀ ti ṣì bí omi ìfọ̀bọ́.

"Kí lẹ fi ìyá mi ṣe?"

N ò fi nǹkan kan ṣe wọ́n, sà.
Ìmọ́lẹ̀ lẹ kó wá, tádà la ní níbí.
Iná mẹ́ta ló wà lẹ́yìn dígí yẹn,
pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró;
bí wọ́n bá pàdé, wọn a di funfun.
Tiwa mẹ́rin ni: sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò, dúdú;
bí wọ́n bá pàdé, ẹrẹ̀ ni.
Wọ́ọ̀dù ò sì bìkítà.
Ẹ fún un ní àwòrán, ó gbé e mì tiná-tiná,
kò bèèrè bóyá pépà lò ń lọ.

Mo yọ àwòrán náà kúrò nínú ìwé
bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ,
mo pa á láwọ̀ dà, iná di tádà.
Ó rẹlẹ̀ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

"Ìyá wa pupa," ó ní.
Mo fi pupa kún un. Ìyá di ata.
"Pupa bí èèyàn pupa!"
Ẹ̀rọ ò gbọ́ pupa bí èèyàn pupa.
Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló ń gbọ́.
"Aṣọ yẹn ńkọ́?"
"Dúdú ni."
Mo tẹ dúdú. Èédú bo gbogbo ẹyẹ.
Ó fọwọ́ gbá tábìlì:
"Dúdú aró! Dúdú tó wọ ìkòkò, tó jáde,
tó gbẹ, tó tún padà wọ ìkòkò!"

Mo dákẹ́.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe èédú,
a fi ń pe aró, a fi ń pe ewé oko lẹ́yìn òjò,
a fi ń pe èmi tí mo jókòó síbí.
A ò ṣi ara wa gbọ́ rí
àfi ọjọ́ tí ẹ̀rọ ní ká kà á.

Lámídì tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yọjú,
tádà dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì.
Kò wo kọ̀ǹpútà rárá.
"Ẹ lọ mú aṣọ náà wá."

Lọ́jọ́ kejì aṣọ dé nínú ọ̀rá, ó ń rùn fún kánfọ̀.
A tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan níta,
a ń gbé pépà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn.
Èkíní, rárá. Ẹ̀kẹta, ó jọ yúnífọ́ọ̀mù ọlọ́pàá.
Ibi tí ẹ̀keje ti jáde tán niná lọ.
Kọ̀ǹpútà kú, ìyá inú rẹ̀ bá a lọ.
Ìyá ọwọ́ Ṣówándé ò lọ síbì kankan.

Ó wò ó títí. Ó fi àtàǹpàkò pa ẹyẹ kan lórí aṣọ,
ó pa èkejì rẹ̀ lórí pépà.
"Ó kù díẹ̀," ló wí.
Ó san ìdajì owó, ó ká ìyá rẹ̀ méjèèjì lọ.

Nígbà tí iná dé, mo fi orúkọ pa fáìlì náà mọ́:
ìyá, dúdú aró, keje.