Ẹnì Kẹwàá

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ń to yìnyín sínú àpótí búlúù
ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́.
Nọ́ọ̀sì Adétutù ka ìgò: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Ó tún wọn kà, bí ìyá tó fẹ́ kó ọmọ sọdá títì.
Ìgò kan kò ga ju àtàǹpàkò lọ,
ènìyàn mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀.
Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún ìdérí, aago ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn:
wákàtí mẹ́fà, kò sí ẹ̀bẹ̀.
Ohun tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni.

Iṣẹ́ tèmi ni ìwé.
Orúkọ, ọjọ́ orí, apá òsì tàbí ọ̀tún,
nọ́ńbà fóònù, tàbí ti ọmọ tó wà ní Èkó.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn mẹ́ta:
olùṣọ́ ọgbà, ìyàwó rẹ̀,
àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní òun kò lè kú lẹ́ẹ̀mejì.
A da méje nù.
Adétutù kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní bí o bá gbé gílóòbù sí ojú abẹ́rẹ́, á tàn.
À bá ti dúpẹ́,
Nẹ́pà kò mú iná wá láti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, a kò jókòó dè wọ́n mọ́.
A so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà Ṣẹ́yìnfúnmi,
a bá ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́,
a bá mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀,
a dé ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì,
níbi tí òwú mẹ́ta ti dúdú tán
kí awọ ara tó yọjú lábẹ́ epo.
Mẹ́ta di mẹ́tàlélógún.
Mẹ́tàlélógún di ìwé tó kún, tí a fi béèrè òmíràn.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an, ọjọ́ òjò ni,
ní Abà Akínmúsirẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀dà.
A ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìbòmú wa ti rin,
kò ta létí ẹnì kankan.
Òjò ṣú lójijì, kòkó wà lójú sìmẹ́ǹtì,
gbogbo wọn sáré, àwa náà bá wọn kó o.
Bóyá ìyẹn ni. N kò mọ̀.
Òórùn kòkó ṣì wà lọ́wọ́ wa
nígbà tí Fẹ́hìntọlá ká apá bùbá rẹ̀ sókè.
"Ẹ gún mi. Ọkọ mi wá èémí títí, kò rí i."
Kò sẹ́ni tó fèsì.
Adétutù gún ìdérí ìgò tó kẹ́yìn.

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e.
Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.
Mẹ́sàn-án.
Ilẹ̀ ń ṣú. A pè, a tún pè.
Bàbá Akíndáhùnsi, tó fi òwú tẹ apá rẹ̀, yíjú sí mi:
"Ìwọ tó ń kọ wá, ibo ni wọ́n kọ tìrẹ sí?"

Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún orúkọ, n kò sí níbẹ̀.
Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé
pé kò dunni ju kí èèrà géni jẹ lọ.
Lóru, mo máa ń ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù,
mo sì ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Adétutù kò wí nǹkan kan.
Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó fi ìka ta á
kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Bàbá ló bá mi di ìwé mú.
Ọmọ́ṣaléwà Akínrìnlọlá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, apá òsì.
Lẹ́tà náà wọ́, bí ẹni ń kọ̀wé nínú mọ́tò.

Nígbà tí à ń padà, àpótí ti fúyẹ́,
omi yìnyín ń dún nínú rẹ̀ ní gbogbo kòtò.
Ẹ má bínú, ẹ̀yin abà.
Ó ju ti èèrà lọ díẹ̀.