Ohun Tí Ìyá Mi Fẹ́ Nù Kúrò

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ní Ìtòkò,
àpáta ẹ̀yìnkùlé wa tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Tíṣà Ṣóbándé, tó ti fẹ̀yìn tì, gbé awò rẹ̀ jáde,
ó fi okùn dè é mọ́ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán,
ó ní, "Ẹni tó bá gbójú sókè wo oòrùn, ojú á fọ́.
Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀."
Oòrùn sì sọ̀ kalẹ̀, ó tó àwo ọbẹ̀,
ó balẹ̀ sórí aṣọ funfun tí ìyá mi sá,
ọ̀pá márùn-ún, tí aró kò tíì kàn.

Ìyá mi rí àbàwọ́n.
Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nù ún.
Àmì náà gun èékánná rẹ̀.
Ó tún nù ún. "Ta ló ta aró sí mi láṣọ?"
Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Béjìdé, kì í ṣe ara aṣọ ló wà.
Ara oòrùn ni.
Èyí tí ẹ fẹ́ fi itọ́ nù yẹn,
ayé yìí á wọ inú rẹ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, òkun, ọ̀sà,
àyè á ṣì ṣẹ́kù."
Ó ní kò dúdú rárá, iná ni,
iná tó wà láàrin iná tó jù ú lọ.
Ká yọ ọ́ sọ́tọ̀, ká gbé e kọ́ ojú ọ̀run lóru,
òṣùpá á wá ibi fara pamọ́ sí.

Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀,
tí aró ti wọ̀ dé ìgúnpá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n á lọ. Bó bá di ọdún mọ́kànlá, wọ́n á tún pọ̀ báyìí."
"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ó wà ńbẹ̀?"
"Ọ̀rọ̀ oòrùn ni mo sọ. N kò mẹ́nu ba tara mi."

Ìwé tó ń yà wọ́n sí wà lọ́wọ́ mi.
Ojú ewé tó kẹ́yìn, òbírí kan péré, pẹ́ńsùlù fẹ́ẹ́rẹ́,
kò sí nǹkan nínú rẹ̀.
N kò mọ̀ bóyá oòrùn ló mọ́ lọ́jọ́ náà
àbí ọwọ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ní tirẹ̀ fi ìyẹ́ adìyẹ ya oòrùn sáṣọ,
ó fi ẹ̀kọ kún un, ó fo ojú méje sílẹ̀
kí aró lè ríbi wọlé.
Obìnrin kan láti Ṣàgámù rà á ní Ìtòkú;
lọ́jọ́ kẹta ó gbé e padà wá:
"Ẹ wò ó, aró ta sí i."
Ìyá mi ka owó rẹ̀ fún un, kò jiyàn.
Òun ló ró lọ síbi ìsìnkú Tíṣà.